Iná dé, skimmer kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, kò hó mọ́

Ọmọ_Òkun_Surulere

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Táǹkì omi iyọ̀ mi gba lítà 300, sump rẹ̀ (táǹkì kejì tí omi ń ṣàn sọ̀ sí) wà nísàlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Clownfish méjì, goby kan àti kọ́ràlì rírọ̀ mélòó kan ló ń gbé inú ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfòfó yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi, irú èyí tó ní needle-wheel (wíìlì elẹ́yín tó ń gé afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́) tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ sínú sump. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó lè ṣiṣẹ́ fún táǹkì lítà 1,000.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà, kíá ni ife orí skimmer á kún. Omi tó mọ́ gaara ló sì ń tú jáde, kì í ṣe ìdọ̀tí. Pákó kọ́bọ́ọ̀dù ti ń wú. Tó bá wá di ọ̀sán, ìfòfó ò ní gòkè rárá, á kàn máa rú nínú ikùn skimmer níbẹ̀. Mo ń yí fáàfù ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti kọjá. Ìwọ̀n iyọ̀ (specific gravity) wà ní 1.025, ìgbóná omi wà ní 26°C. Ṣé skimmer yìí ló ní àbùkù ni?

PáìpùÀtiGíláàsì

Àbúrò, ọwọ́ kúrò lára fáàfù ná. Skimmer tí wọ́n ń yí ní wákàtí-wákàtí ò lè rójú ṣiṣẹ́. Ohun tó o yí láàárọ̀ lè má hàn títí dalẹ́, kó tó hàn ìwọ á sì ti tún un yí. O ò wá ní mọ èyí tó fa ohun tó ò ń rí.

Táǹkì àwọn ilé ìtura àti ti ọ́fíìsì ni mò ń tọ́jú jẹun ní Èkó níbí. Ẹni tó bá ní skimmer òun bàjẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: omi tó yí i ká nínú sump, báwo ló ṣe jìn tó? Gbé rúlà, kó o wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ sump dé ojú omi. Ọ̀pọ̀ skimmer inú sump ló ń fẹ́ omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 18 sí 23. Ìwé tó bá tìẹ wá ló máa sọ iye rẹ̀ gan-an, òun ni kó o tẹ̀ lé. Bí omi ìta bá ṣe ń ga sí i ni omi inú ikùn skimmer náà á máa ga sí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yí fáàfù yìí, omi ìta tó ga ní sẹ̀ǹtímítà méjì péré ti ba gbogbo ohun tẹ́ ẹ yí jẹ́.

Ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kò lọ́jú pọ̀. Tí iná bá lọ, pọ́ǹpù tó ń gbé omi padà sókè dúró. Omi tó wà nínú páìpù àti omi ojú táǹkì á ṣàn sọ̀ kalẹ̀ sínú sump, sump á ga, skimmer á rì. Iná dé: skimmer àti pọ́ǹpù jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, skimmer sì ń hó nínú omi tó ga jù fún un. Kí pọ́ǹpù tó gbé omi náà padà sókè, ife ti kún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ omi mímọ́ lò ń rí.

Fridge guard ni oògùn ẹ̀. Èyí tí gbogbo ayé fi ń dáàbò bo fíríìjì yẹn náà ni mò ń wí. Ó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí iná bá dé kó tó jẹ́ kí iná kọjá. Skimmer nìkan ni kó o kì bọ̀ ọ́, jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣíwájú. Bí ìṣẹ́jú tirẹ̀ ò bá tó fún sump rẹ, wá sọ́kẹ́ẹ̀tì oní-táímà tó o lè sọ fún pé kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Kẹ́mísírì_Leeds

Ẹ̀gbọ́n ti fọwọ́ ba ojú egbò. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí skimmer ń ṣe gan-an kún un, torí ẹni tó bá mọ ọ̀n ò ní máa bínú sí fáàfù.

Oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ìgbẹ́ ẹja, ikun ara kọ́ràlì, gbogbo wọn ló ń tú èròjà sínú omi. Púpọ̀ nínú èròjà yìí ní ìhà méjì: ìhà kan fẹ́ràn omi, ìhà kejì ń sá fún un. Tí wọ́n bá pàdé hóró afẹ́fẹ́, ìhà tó ń sá fún omi á rọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ náà, ìhà kejì á wà nínú omi. Hóró afẹ́fẹ́ á gbé wọn gòkè wá sí ọrùn skimmer. Níbẹ̀ ni omi ti ń ro kúrò lára ìfòfó díẹ̀díẹ̀, tí ìdọ̀tí á sì ṣẹ́kù tí á bọ́ sínú ife. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: ikùn ń kó ìdọ̀tí jọ, ọrùn ń fún omi kúrò lára ẹ̀.

Iyọ̀ wà lára ìdí tó fi ń ṣeé ṣe. Nínú omi iyọ̀, hóró afẹ́fẹ́ máa ń kéré, wọn kì í sì tètè para pọ̀. Nínú omi aláìníyọ̀ wọ́n á para pọ̀ di ńlá kíákíá, wọ́n á sì bẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ ò fi ń rí skimmer nídìí táǹkì ẹja àrọ̀. Ìwọ̀n iyọ̀ tìẹ dáa, fi í síbẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta: ṣé o fọ skimmer náà kó o tó gbé e wọnú omi? Ṣé o fi epoxy tàbí sílíkóònù lẹ nǹkan kan láìpẹ́ yìí? Ìgbà wo lò ń fún ẹja lóúnjẹ?

Ọmọ_Òkun_Surulere

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 27. Sump mi ò ní ìdínà kankan nínú, gíláàsì gbọọrọ kan ni, gbogbo nǹkan jọ wà pọ̀ níbẹ̀. Alẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ni mo máa ń bu omi kún èyí tó ti gbẹ. Àárọ̀ ni mo ń fún wọn lóúnjẹ, èyí tó dì nínú yìnyín, kí n tó jáde. Omi lásán ni mo fi ṣan skimmer. Mo sì fi epoxy lẹ kọ́ràlì méjì mọ́ òkúta ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

PáìpùÀtiGíláàsì

27! Skimmer yẹn ń wẹ̀ ni, kò ṣiṣẹ́.

Ó dáa, gbogbo ẹ̀ ti hàn báyìí. Alẹ́ lò ń bu omi sí i, alẹ́ ni sump ga jù, alẹ́ náà ló ń kún. Tó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn àti fáànù ti fa omi, sump ti wálẹ̀, o tún ti fún wọn lóúnjẹ lórí ẹ̀, ìfòfó wó lulẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe skimmer yẹn. Ilẹ̀ tó dúró lé ni ò dúró sójú kan.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Wá nǹkan tí wàá gbé e lé, kí omi tó yí i ká lè jẹ́ iye tí ìwé ẹ̀ sọ. Bí wọ́n bá ní 20, ìdúró sẹ̀ǹtímítà 7 nìyẹn. Gé páìpù PVC sí ìwọ̀n kan náà, kó o fi pèpéle oníke alájere tí wọ́n fi ń bo iná fluorescent inú ọ́fíìsì lé e lórí. Má lo irin, má lo pákó, má lo búlọ́ọ̀kù.

Lẹ́yìn náà, lẹ gíláàsì ìdínà kan sínú sump. Yàrá tí omi táǹkì ń sọ̀ sí ni kí skimmer wà, kí omi máa borí gíláàsì yẹn bọ́ sí yàrá pọ́ǹpù. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, omi yàrá skimmer ò ní lọ sókè sódò mọ́. Ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù ni omi ti máa gbẹ, ibẹ̀ náà ni wàá ti máa bu omi kún un. Tí o ò bá fẹ́ tú sump báyìí, ra ẹ̀rọ tó ń dá omi bù fúnra ẹ̀, èyí tó ní floater. Omi aláìníyọ̀ ni kó o máa fi sínú ẹ̀ o. Iyọ̀ kì í bá omi fò lọ.

Nígbà tó bá ti dúró síbi tó yẹ kó dúró, ṣí fáàfù ìjáde omi sílẹ̀ pátápátá, kí omi inú ikùn wà nísàlẹ̀. Imú afẹ́fẹ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ṣí i tán, má dí i láti fi dín ìfòfó kù. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Wá máa pa fáàfù dé díẹ̀díẹ̀ títí ojú ibi tí hóró afẹ́fẹ́ ti ń di ìfòfó á fi wà ní ìsàlẹ̀ ọrùn. Dúró níbẹ̀. Má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Tó bá gbẹ jù, yí i díẹ̀. Tó bá tú omi jù, dá a padà díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ó tó.

Kẹ́mísírì_Leeds

Mo fọwọ́ sí i. Ẹ tún gbọ́ ọ̀kan: skimmer tuntun máa ń ya wèrè fún ọjọ́ mélòó kan, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Òróró tí wọ́n fi gé ike rẹ̀ nílé iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀, ara ẹ̀ ò sì tíì ní ikun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ike tó ti pẹ́ nínú omi. Gbé e kúrò, jẹ́ kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti fínígà ṣiṣẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan, ṣàn án dáadáa, dá a padà. Má fi ọṣẹ kàn án láé.

Epoxy yẹn náà wà lára ẹ̀. Epoxy tútù, sílíkóònù tí ò tíì gbẹ, oògùn tó ń pa klóríìnì omi ẹ̀rọ, gbogbo wọn ń mú kí skimmer hó kọjá ààlà. Èyí tí epoxy ń fà máa ń lọ fúnra ẹ̀.

Òróró oúnjẹ ló ń ṣe òdìkejì. Oúnjẹ inú yìnyín lọ́ràá. Ọ̀rá yẹn á tẹ́ sójú hóró afẹ́fẹ́, ìfòfó á wó lulẹ̀, ó lè pẹ́ ní wákàtí mélòó kan kó tó gbéra padà. Ọwọ́ tó o ti bọ inú táǹkì pàápàá lè ṣe é. Yọ́ oúnjẹ náà, sẹ́ ẹ, da omi ẹ̀ nù, kó o tó fún ẹja.

Àti pé lítà 1,000 tí wọ́n kọ sí páálí yẹn: ẹja mẹ́ta nínú lítà 300 ò lè bọ́ skimmer tó tóbi tó yẹn. Ọrùn ẹ̀ fẹ̀, ìdọ̀tí ò tó láti gbé ìfòfó gun òkè. Kì í ṣe pé kó o dá a padà, ṣùgbọ́n mọ̀ pé kò ní máa yọ nǹkan lójoojúmọ́.

Aláìní_Skimmer

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i díẹ̀. Ìbàdàn ni mo wà, táǹkì mi ń lọ dáadáa láti ìgbà pípẹ́, kò sí skimmer nídìí ẹ̀. Ẹja kékeré méjì, òkúta tó pọ̀, yàrá kan nínú sump tó kún fún chaeto, ewé inú omi òkun tó ń jẹ nitrate àti phosphate tí ìdọ̀tí ń tú sómi, mo sì ń pààrọ̀ omi díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Indonesia, Lee Chin Eng ti kọ̀wé ní 1961 nípa táǹkì tó fi òkúta ààyè (òkúta òkun tí bakitéríà àti ẹ̀dá wẹ́wẹ́ ń gbé) àti afẹ́fẹ́ lásán tọ́jú. Àwọn ará Jámánì ló wá sọ ọ́ di pé òkúta pẹ̀lú skimmer tó lágbára ni ẹ̀sìn, tí wọ́n ń pè ní ìlànà Berlin. Ẹni tó ní ẹja mẹ́ta, kí ló ń fi ẹ̀rọ tó ń ba kọ́bọ́ọ̀dù jẹ́ ṣe?

PáìpùÀtiGíláàsì

Bọ̀dá Ìbàdàn, ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ iye tí ẹ fi ń ra iyọ̀ tí ẹ ń pò fún ìpààrọ̀ omi yẹn fún wọn.

Aláìní_Skimmer

Haha. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Kẹ́mísírì_Leeds

Ọ̀rọ̀ bọ̀dá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà o. Ní 2009, Ken Feldman tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà àti akẹgbẹ́ ẹ̀ wọn ohun tí skimmer ń yọ. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni skimmer lè yọ nínú gbogbo èròjà oníkábọ́ọ̀nù tí wọ́n lè wọ̀n nínú omi. Ìyókù ò lẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Kábọ́ọ̀nù dúdú (èédú tí wọ́n fi ń sẹ́ omi), bakitéríà àti ìpààrọ̀ omi ló ń bójú tó wọn. Skimmer olówó gọbọi náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí owó ẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò sí nínú ìṣirò yẹn: afẹ́fẹ́. Skimmer ń fún omi ní ọ́síjìn tọ̀sán-tòru. Nínú omi iyọ̀ tó gbóná tó 26, ọ́síjìn ò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Tí mo bá wà ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ, èmi á fẹ́ kí omi mi ti kún fún ọ́síjìn kí iná tó lọ.

PáìpùÀtiGíláàsì

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé torí iyọ̀ wọ́n, òun á lọ bu omi ọ̀sà Èkó o. Mo ti rí i. Omi ọ̀sà ò ki tó omi òkun, tí òjò bá sì ti ń rọ̀, omi odò á ya wọ̀ ọ́, iyọ̀ inú ẹ̀ á já wálẹ̀ púpọ̀. Èyí tí gọ́tà ń gbé wá síbẹ̀, mi ò tíì kà á.

Ìyá_Clown

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un, kò sì sí nínú ìwé tó ń bá skimmer wá. Skimmer ń mí. Afẹ́fẹ́ yàrá tí ẹ bá gbé e sí ló ń fà, tó ń gún mọ́ omi. Tẹ́ ẹ bá fín fílíìtì ẹ̀fọn nínú yàrá náà, skimmer á gbé e tọ ẹja lọ. Fílíìtì tó ń pa ẹ̀fọn á pa edé, á pa akàn kékeré inú òkúta, á sì pa ẹja náà. Bí ẹ bá fẹ́ fín in, ẹ pa skimmer, ẹ bo táǹkì, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kó fẹ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó dá a padà. Àwọ̀n ni mo ta sí fèrèsé tèmi, mo sinmi.

Ọmọ_Òkun_Surulere

Háà, Màmá, ẹ ṣeun. Ìyàwó mi máa ń fín in lálaalẹ́. Ẹnì kan ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n na rọ́bà afẹ́fẹ́ skimmer gba ojú fèrèsé lọ síta kí pH lè gòkè, kí omi má baà kan jù. Tèmi wà ní 7.8. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn fèrèsé yẹn ni jẹnẹrétọ̀ wa wà.

PáìpùÀtiGíláàsì

Rárá o! Èéfín jẹnẹrétọ̀ lò fẹ́ fi rọ omi yẹn.

Kẹ́mísírì_Leeds

Ìmọ̀ràn yẹn dáa níbi tó ti wá. Níbí ní Leeds, nígbà òtútù, a ti gbogbo fèrèsé, èémí wa kún ilé, carbon dioxide inú yàrá ń wọ omi, pH ń wálẹ̀. Rọ́bà tó lọ síta ń gbé e sókè. Yàrá tí ẹ̀yin náà tì pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣe bákan náà. Bí ògiri mìíràn bá wà tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ yín àti ti aládùúgbò, gba ibẹ̀. Bí kò bá sí, ṣí fèrèsé yàrá nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ò bá ṣiṣẹ́. 7.8 ò ní pa kọ́ràlì rírọ̀ rẹ.

Ará_Houston

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí bọ̀ látòkè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná, torí àwọn ẹbí máa ń ní kí n bá àwọn ra skimmer wá láti ibí.

Pọ́ǹpù AC kékeré, èyí tó ń lo iná ògiri tààrà, máa ń bá Hz iná (iye ìgbà tí iná ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan) rìn ni. Ti Amẹ́ríkà 60, ti Nàìjíríà 50. Tí ẹ bá fi transformer sọ 230 V di 110 V, volt nìkan lẹ yí, Hz ṣì jẹ́ 50. Pọ́ǹpù náà á máa sá ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré tí wọ́n ṣe é fún. Needle-wheel tí kò sáré tó ò ní gé afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tó, kò sì ní fa afẹ́fẹ́ tó. Mọ́tò náà tún lè gbóná. Ẹ máa wá bínú sí fáàfù.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà, Hz tirẹ̀ kì í dúró. Tí kò bá ru nǹkan, ó sáré. Tí fíríìjì bá gbéra, ó fà sẹ́yìn. Ìfòfó yín á máa bá a lọ sókè sódò. Ti inverter, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá pure sine wave ni, ìyẹn iná tó ń lọ geere bíi ti wáyà ìta. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù AC á máa kùn lórí ẹ̀, á gbóná, ọjọ́ ayé ẹ̀ á kúrú.

Bí owó bá wà, ẹ ra èyí tó ní pọ́ǹpù DC. Adápítọ̀ tó ń gba 100 sí 240 V, 50 tàbí 60 Hz, ló máa ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn wá, iná tó bá wù kó wọlé, 24 V kan náà ló ń jáde. Ẹ tún lè fi bọ́tìnì dín eré ẹ̀ kù tí ìdọ̀tí ò bá pọ̀, èyí tó máa wúlò fún ẹni tó ra skimmer lítà 1,000 fún ẹja mẹ́ta. Àbúrò, má bínú o.

Titun_Nínú_Ẹ

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ò kún, ó ń hó dáadáa, ṣùgbọ́n hóró afẹ́fẹ́ wínníwínní kún inú táǹkì, omi ò mọ́ lójú mọ́.

PáìpùÀtiGíláàsì

Bó bá jẹ́ tuntun, fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá jẹ́ tuntun, ibi tí omi ti ń jáde nínú skimmer ti sún mọ́ pọ́ǹpù jù. Yí ẹnu ẹ̀ kọ ibòmíràn, kó o fi kànìnkànìn dínà láàárín wọn. Kànìnkànìn náà, máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ_Òkun_Surulere

Ẹ kú àánú mi. Skimmer ti wà lórí ìdúró, omi jẹ́ 20, mo ti fi fínígà ṣe é, fridge guard ti wà nídìí ẹ̀. Iná ti lọ ó ti dé, kò kún. Mo ti ra ẹ̀rọ tó ń dá omi bù náà. Ohun tó ń bọ́ sínú ife báyìí dà bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Mo rí àwòrán àwọn kan tí tiwọn dúdú kirimú. Èwo ni kí n máa wá? Mo sì fẹ́ so rọ́bà mọ́ ìdí ife kó máa ṣàn lọ sínú gálọ́ọ̀nù, kí n má baà máa dà á lójoojúmọ́.

Kẹ́mísírì_Leeds

Èyí tó dà bíi tíì yẹn dáa lójú tèmi. Ìfòfó tó tutù díẹ̀ ń gbé ìdọ̀tí tó pọ̀ jáde lápapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi pọ̀ nínú ẹ̀. Èyí tó dúdú, púpọ̀ nínú ohun tó gòkè ti gbẹ mọ́ ọrùn tàbí kó ti jábọ́ padà sínú ikùn.

PáìpùÀtiGíláàsì

Níbi tí iyọ̀ ti wọ́n, èmi ń fẹ́ èyí tó dúdú. Gbogbo ife omi tíì tó o bá dà nù, omi iyọ̀ lo dà nù. Ẹja mẹ́ta ò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá ra ẹja tang tàbí tó o bá ń bọ́ kọ́ràlì dáadáa, nígbà náà mú un tutù.

Ṣùgbọ́n ti rọ́bà sínú gálọ́ọ̀nù yẹn, fetí sílẹ̀. O ti ní ẹ̀rọ tó ń dá omi bù báyìí. Jẹ́ ká ní skimmer ya wèrè lóru. Ó ń tú omi iyọ̀ sínú gálọ́ọ̀nù, sump ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ yẹn rò pé omi ló gbẹ, ó ń bu omi aláìníyọ̀ rọ́pò. Ilẹ̀ á mọ́, sump á kún bó ṣe yẹ, kò sí ohun tó máa hàn lójú, iyọ̀ á sì ti já. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan tí kọ́ràlì gbogbo ti pa ẹnu dé, 1.018 ni mo bá níbẹ̀. Bó o bá fẹ́ lo gálọ́ọ̀nù, lo kékeré, kó o fi floater sí ẹnu ẹ̀ tó máa pa iná skimmer tó bá kún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa da ife nù lọ́wọ́ ara ẹ.

Ará_Houston

Èyí gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ sára páálí.

Ìyá_Clown

Ẹ má gbàgbé ọrùn o. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń nu inú ọrùn tèmi. Tí ọ̀rá bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìfòfó ò ní gun òkè. Ṣé ẹ ní kí n sọ ti imú afẹ́fẹ́ náà?

PáìpùÀtiGíláàsì

Ẹ sọ ọ́, Màmá. Òun ni wọ́n fi ń pè mí jù.

Ìyá_Clown

Iyọ̀ máa ń gbẹ sí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ pọ́ǹpù. Bí ìfòfó bá ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láìnídìí, tí ìró mímí skimmer náà sì ń rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ bu omi aláìníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife kan, ẹ ki ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ bí skimmer ṣe ń ṣiṣẹ́, á fà á mu, iyọ̀ á yọ́. Ní oṣù mélòó kan síra, ẹ tú pọ́ǹpù, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà àti omi ní ìdajì-ìdajì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbígbó fọ needle-wheel jẹ́jẹ́. Eyín ẹ̀ máa ń ṣẹ́.

Titun_Nínú_Ẹ

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ má bínú. Èéhù pupa bo yanrìn mi, mo sì fẹ́ lo oògùn tó ń pa á. Wọ́n kọ ọ́ sára oògùn náà pé kí n pa skimmer. Ṣé ọ́síjìn ò ní tán?

Kẹ́mísírì_Leeds

Bakitéríà ni èéhù pupa yẹn, òun ni oògùn náà ń pa, bí wọ́n sì ṣe ń kú ni wọ́n ń fa ọ́síjìn, nítorí náà ìbẹ̀rù rẹ tọ̀nà. Ki òkúta afẹ́fẹ́ (airstone, èyí tó ń tú hóró afẹ́fẹ́ sómi) tó ní pọ́ǹpù tirẹ̀ bọ inú táǹkì kó o tó da oògùn sí i, kó máa ṣiṣẹ́ títí ìtọ́jú á fi parí. Bí o bá wá tan skimmer lẹ́yìn ìyẹn, á hó lọ́nà tí o ò rí rí. Má bá fáàfù jà. Ṣí i tán, yọ ife kúrò lórí ẹ̀, jẹ́ kó máa tú padà sínú sump, kó kàn máa fún omi ní afẹ́fẹ́. Pààrọ̀ omi ní ìdá kan nínú márùn-ún, fi kábọ́ọ̀nù tuntun sí i. Nígbà tí ìfòfó bá ti ń dúró nísàlẹ̀ ọrùn fúnra ẹ̀, dá ife padà.

PáìpùÀtiGíláàsì

Kó o sì wá ohun tó ń bọ́ èéhù náà. Wọn phosphate omi tí ò ń bù kún un kó o tó na owó sórí oògùn.